Drop shot fún walleye: bí a ṣe ń so ó, ìwọ̀n òjé, àti ìdí tí ẹja fi ń jẹ tí ìwọ̀ kì í fi kọ́ ọ

Arólé_Brainerd

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apẹja. Orí pípa walleye, ẹja odò àti adágún kan ní Àríwá Amẹ́ríkà, lórí àwọn òkè òkúta abẹ́ omi ní adágún Mille Lacs, ní Minnesota, ni ìbéèrè mi dá lé, níbi tí omi ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 18 sí 28, ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Lindy rig ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀: òjé ń wọ́ nílẹ̀, ìwọ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ sì ń há sáàárín òkúta. Drop shot ni mo fẹ́ lò báyìí, tí òjé máa wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ìwọ̀ máa wà lókè rẹ̀. Báwo ni kí ìwọ̀ ṣe ga tó sí òjé? Òjé wo, kí sì ni ìwọ̀n rẹ̀? Kí ló dé tí ìwọ̀ máa ń dorí kodò lára okùn lẹ́yìn tí a bá ti so ó tán, dípò kó nà síta? Ọ̀pá tó wà nílẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7, medium-light. Rílì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ká okùn, jẹ́ ìwọ̀n 2500, braid (okùn híhun) pọ́n-ùn 10 ló sì wà lórí rẹ̀.

Àbẹ̀ní_Toledo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ti orí ìbéèrè tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń ba ìyókù jẹ́. Kókó Palomar la fi ń so ó.

Ẹ gé fluorocarbon (okùn ike tí kì í fẹ́ hàn nínú omi) pọ́n-ùn 8, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹ so orí kan mọ́ braid. Kókó double uni ti tó. Ní orí kejì, ẹ ṣẹ́ okùn po sí méjì, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìrù tó máa ṣẹ́ kù gùn tó íńṣì 24 ó kéré tán. Ìrù yìí ni òjé máa wà, tó bá kúrú, àfi kí ẹ gé gbogbo rẹ̀ kí ẹ tún un ṣe. Ẹ di ìwọ̀ mú kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ ki okùn tí ẹ ṣẹ́ po yẹn bọ ojú ìwọ̀ láti ìhà tí ẹnu ìwọ̀ wà. Ẹ fi ta kókó kan lásán, ẹ má tíì fà á le. Ẹ wá mú ìwọ̀ fúnra rẹ̀ gba inú ojú okùn tó ṣí sílẹ̀ kọjá. Ẹ fi itọ́ rin kókó náà kí ẹ tó fà á, díẹ̀díẹ̀, orí okùn méjèèjì pa pọ̀. Fluorocarbon tí wọ́n bá fà ní gbígbẹ máa ń jóná nínú kókó. Tí ẹ bá rí i pé okùn ti ká kòrókòró lẹ́bàá kókó, tàbí ó ti funfun, ẹ má dá a sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: ẹ mú ìrù gígùn yẹn, ẹ tún un kì bọ ojú ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, láti òkè, láti ìhà tí ẹnu ìwọ̀ wà, kó jáde nísàlẹ̀. Nígbà tí òjé bá fà á, ìwọ̀ á nà síta gbọnrangandan, ẹnu rẹ̀ á sì máa wo òkè. Tí ẹ bá kì í láti ìsàlẹ̀ wá sókè, á dorí kodò. Tí ẹ kò bá kì í rárá, á rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn.

Ní ti gíga, ẹ fi íńṣì 12 sí 15 bẹ̀rẹ̀ lórí òkúta. Òjé: 1/4 áúnsì (gíráàmù 7) títí dé ẹsẹ̀ bàtà 15, 3/8 láti 15 dé 25, 1/2 tó bá jìn ju ìyẹn lọ tàbí tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọkọ̀. Tí ẹ kò bá lè sọ ìgbà tí òjé kanlẹ̀, òjé náà fúyẹ́ jù, kò sí àlàyé mìíràn.

Bàbá_Rílì

Àbẹ̀ní sọ̀rọ̀ kókó dáadáa, ọmọ mi. Àmọ́ n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ íńṣì 12 sí 15 yẹn bí ẹni pé òfin ni. Ojú sonar, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ẹja lábẹ́ omi, ni kó sọ iye íńṣì fún yín. Tí ẹja bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, íńṣì 8. Tí wọ́n bá dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sókè ilẹ̀, ẹ gbé ìwọ̀ lọ sí 24, kódà 28. Ó rọrùn fún walleye láti dìde lọ bá oúnjẹ ju kó tẹrí ba fún un lọ, nítorí náà bí ẹ bá máa ṣìṣe, ẹ ṣe é sí apá òkè.

Ìdí rèé tí mo fi ń fẹ́ òjé tó ní clip tó ń há okùn mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀, dípò òjé tí wọ́n ń fi kókó so. Ẹ lè fà á sókè tàbí sísàlẹ̀ lára ìrù okùn láìtún ìwọ̀ so. Ẹ ta kókó kékeré kan sí ìdí ìrù náà pátápátá kí òjé má bàa yọ́ bọ́ nígbà tí ẹ bá jù ú. Kókó náà kò gbọdọ̀ nípọn: tí òjé bá há sáàárín òkúta, tí ẹ sì fà á gírígírí, kókó kékeré á gba inú clip kọjá. Òjé nìkan lẹ pàdánù, ìwọ̀ àti ìjẹ á padà wá. Àwọn kan máa ń ta kókó ńlá kí òjé má bàa sọnù, wọ́n á wá pàdánù gbogbo ẹ̀.

Ẹ tún rántí pé sonar ní ibi tí kò rí. Ẹ̀rọ tó ní igun dígírì 20, nínú omi ẹsẹ̀ bàtà 24, ohun tó ń rí nísàlẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ààbọ̀ lọ. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè òkúta, apá tó ga jù nínú àyè yẹn ló máa yà gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀, ẹja tó sùn mọ́ apá tó rẹlẹ̀ kò ní hàn rárá. Ojú sonar tó mọ́ fo níbẹ̀ kò sọ pé ẹja kò sí.

Arólé_Brainerd

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ ṣé. Ó ku swivel, ìsopọ̀ irin kékeré tó ń yí kí okùn má bàa lọ́: ṣé ó pọn dandan? Ìrísí òjé ńkọ́? Mo ń rí èyí tó rí gbọọrọ, èyí tó rí roboto, àti èyí tó rí bí ẹ̀kán omi.

Àbẹ̀ní_Toledo

Gbọọrọ fún òkúta, torí kì í tètè há. Roboto tàbí bí ẹ̀kán omi fún yanrìn àti ẹrẹ̀. Etí àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹrẹ̀ Mille Lacs, roboto ni kí ẹ lò níbẹ̀. Gbọọrọ máa ń rì wọ inú ẹrẹ̀, ẹ ó wá rò pé ẹja ló dì í mú.

Bàbá_Rílì

Swivel kò pọn dandan fún eṣúṣú tàbí ẹja wẹ́wẹ́ tí ẹ fi ìwọ̀ kọ́ ní ètè. Ó pọn dandan fún ike rírọ̀ àti fún ekòló, torí wọ́n máa ń yí bírí nígbà tí ẹ bá ń ká okùn bọ̀, ìyípo yẹn a sì wọ inú braid lọ títí á fi wé ara rẹ̀ lórí rílì. Ẹ lo swivel kékeré, nọ́ńbà 10, kí ẹ fi sí íńṣì 18 sí 24 sókè ìwọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ o: swivel kò gbọdọ̀ wọ òrùka orí ọ̀pá. Íńṣì 20 lókè ìwọ̀ àti 15 nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 gbé ìyẹn dáadáa. Ẹni tó bá lo swivel kò nílò fluorocarbon ẹsẹ̀ bàtà 6 mọ́. Ẹsẹ̀ bàtà 4 kí ẹ tó so ìwọ̀ ti tó.

Ọmọlójú_Duluth

Gbogbo ìdè yìí dára, àmọ́ ọwọ́ tó mú ọ̀pá ló ń ba drop shot jẹ́ ju kókó lọ. Japan ni ọgbọ́n yìí ti wá, ẹja bass ni wọ́n sì fi ń pa, torí náà gbogbo fídíò tó wà níta ń kọ́ni pé kí a máa gbọ̀n orí ọ̀pá lemọ́lemọ́. Fún walleye, àṣejù nìyẹn.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ dúró sójú kan lókè ẹja. Mọ́tò tó ń fi GPS di ara rẹ̀ mú sójú kan ló dára jù. Ẹ sọ òjé sísàlẹ̀ tààrà. Nígbà tó bá kanlẹ̀, ẹ yí rílì títí okùn á fi nà tán tí òjé kò sì gbéra. Ẹ wá rẹ orí ọ̀pá sílẹ̀ ní íńṣì 2 tàbí 3 kí okùn dẹ̀ díẹ̀. Dídẹ̀ yẹn ni kí ẹ máa gbọ̀n, kì í ṣe òjé. Òjé gbọdọ̀ jókòó síbi tó wà. Ẹ rọra gbọ̀n ọ́n fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 4 tàbí 5, kí ẹ wá dúró jẹ́ẹ́ fún 10 sí 15. Tí omi bá tutù, ẹ dúró fún 30. Ìgbà tí ẹ bá dúró ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́.

Tó bá jẹ́ eṣúṣú ààyè ló wà lójú ìwọ̀, ẹ má gbọ̀n ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ ń wẹ̀. Iṣẹ́ yín ni kí okùn nà tó láti mọ̀ ọ́n lára, kó má sì nà débi pé ẹja á mọ̀ yín lára.

Ẹ gbé òjé sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ tún gbé e kalẹ̀ síbòmíràn, tí ẹja bá wò ó láì jẹ ẹ́. Ìyẹn máa ń tàn án ju gbígbọ̀n lọ.

Akin_Windsor

Ọmọlójú ti sọ ti tààrà. Èmi á sọ ti jíjù, torí ìwọ̀ kò sí níbi tí ẹ rò pé ó wà nígbà yẹn. Tí ẹ bá ju òjé jìnnà, okùn á dagun. Ìwọ̀ tó wà ní íńṣì 15 sókè òjé, tí okùn bá fi igun dígírì 30 sí ilẹ̀, íńṣì 7 àti ààbọ̀ péré ló ga. Láàárín òkúta tó tóbi, inú kòtò ló wà. Nítorí náà, fún jíjù, ẹ fa òjé sísàlẹ̀ kí ìrù gùn tó íńṣì 24, kí ẹ tó jù ú. Ẹ wọ́ ọ lọ bí íńṣì 6 lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró, ẹ tún wọ́ ọ. Ọ̀pá ni kí ẹ fi wọ́ ọ, kì í ṣe rílì. Rílì kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá òkúta ni tàbí yanrìn.

Tí ọkọ̀ bá ń sáré ju 0.5 máìlì ní wákàtí kan lọ, ẹ gbé drop shot jù sílẹ̀. Okùn á na gbalaja lẹ́yìn ọkọ̀, òjé á máa fò, kò sí drop shot níbẹ̀ mọ́. Lindy rig tí Arólé fẹ́ kọ̀ sílẹ̀ yẹn dára jù ú lọ nígbà bẹ́ẹ̀.

Arólé_Brainerd

Mi ò kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá o 😄. Ìjẹ wo àti ìwọ̀ wo? Mo sì tún gbọ́ pé ẹja máa ń fa eṣúṣú gùn-ùn gùn-ùn, tí ẹ bá fà á, ìwọ̀ òfìfo ló ń jáde. Kí ló ń fà á?

Àbẹ̀ní_Toledo

Eṣúṣú: irú ìwọ̀ tí wọ́n ń pè ní octopus, nọ́ńbà 6 tàbí 4, kí ẹ gún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ẹnu ńlá tó fi ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, kì í ṣe láàárín ara. Ekòló: ìdajì péré, nọ́ńbà 4, kí ẹ gún un ní orí tí ẹ gé kí ìyókù máa fì. Ẹja wẹ́wẹ́ bíi shiner íńṣì 3: nọ́ńbà 2 tàbí 1, láti abẹ́ ètè gba òkè ètè. Ike rírọ̀ íńṣì 3 sí 4: ìwọ̀ drop shot nọ́ńbà 2 tàbí 1, ẹ gún imú rẹ̀ lásán, kó wà láàárín gbùngbùn. Tó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa yí bírí. Ní adágún Erie tí omi bá mọ́, àwọ̀ tó jọ ẹja shiner tàbí perch ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Tí omi bá dàrú lẹ́yìn ìjì, àwọ̀ ewé tó ń tàn tàbí àwọ̀ ọsàn.

Ìwọ̀ òfìfo ní ìdí tó ju ẹyọ kan lọ. Àkọ́kọ́ ni pé ìjẹ bo ẹnu ìwọ̀: odindi ekòló tí wọ́n gún lẹ́ẹ̀mẹta lójú ìwọ̀ kékeré kò fi ẹnu ìwọ̀ sílẹ̀ rárá. Èkejì, wọ́n ń fà á kíá bíi ti bass. Walleye máa ń di eṣúṣú mú ní ìdí ná kó tó gbé e mì. Nígbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára, ẹ rẹ orí ọ̀pá sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 3. Ẹ wá yí rílì títí ẹ ó fi mọ ìwúwo rẹ̀, kí ẹ gbé ọ̀pá sókè láìjá a gìdì. Ìwọ̀ kékeré tó mú kò nílò agbára. Fún ike, ẹ má fún un ní àkókò yẹn, á tu ú dànù. Ẹ kàn yí rílì kí ẹ sì gbé ọ̀pá.

Bàbá_Rílì

Ẹ fi ìkẹta sí i: braid kì í nà. Ọ̀pá tó le gbagidi pẹ̀lú braid á gba ìjẹ lẹ́nu ẹja kó tó pa ẹnu dé. Medium-light tí orí rẹ̀ rọ̀ ló bá iṣẹ́ yìí mu, èyí tí Arólé ní ti dára. Kí drag rílì náà, ìyẹn bírékì rẹ̀, má le jù. Tí ẹ bá fi ọwọ́ fa okùn, kó jáde pẹ̀lú ìtakò díẹ̀.

Akin_Windsor

Ẹ má gbàgbé eyín. Walleye ní eyín ṣóńṣó, kì í sábà gé okùn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó máa ń họ ọ́. Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èékánná ìka fa okùn láti íńṣì 12 sókè ìwọ̀ dé ìdí òjé. Tó bá rí hágahàga, ẹ gé e. Ní Erie àti ní Detroit River, zebra mussel, ẹ̀dá kékeré oníkarahun tó lẹ̀ mọ́ òkúta, mú bí abẹ. Fluorocarbon pọ́n-ùn 10 ni kí ẹ lò níbẹ̀, kì í ṣe 8, kí ẹ sì máa yẹ ìrù òjé wò ju ti òkè lọ, torí òun ló ń fara kan òkúta.

Ní ti odò fúnra rẹ̀: drop shot ṣeé lò níbẹ̀, pẹ̀lú òjé 3/4 sí 1 áúnsì, kí mọ́tò sì jẹ́ kí ọkọ̀ bá ìṣàn omi rìn ní ìwọ̀n kan náà kí okùn lè dúró tààrà. Síbẹ̀, jig (ìwọ̀ tí òjé wà lórí rẹ̀) tó wúwo ló rọrùn jù ní àárín ìṣàn. Etí ìṣàn, níbi tí omi ti ń rọ̀, ni drop shot ti wúlò.

Ọmọlójú_Duluth

Ọ̀rọ̀ òjé ku ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń gbé àpótí ìpẹja rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, kó ka òfin kó tó kúrò nílé. Òjé gidi, ìyẹn lead, tó bá kéré, kò bófin mu fún ìpẹja ní New Hampshire, Maine àti Vermont. Ní àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ Kánádà náà, lead tí kò tó gíráàmù 50 kò gbọdọ̀ wọ omi. Ẹyẹ loon ló fà á: ó máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì láti fi lọ oúnjẹ, ó sì ń gbé òjé mọ́ ọn, ẹyọ kan péré sì lè pa á. Tungsten, irin mìíràn tó wúwo, kò ní ìṣòro yìí, ó sì kéré ju lead tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, ó ń sọ ìrísí ilẹ̀ fún ọwọ́ kedere. Owó rẹ̀ ló le. Lórí òkúta tó ń jẹ òjé bí ẹ̀pà, irin lásán kì í ṣe ohun ìtìjú.

Arólé_Brainerd

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí mo bá rí wọn ní ẹsẹ̀ bàtà 34 sí 38 ńkọ́, nínú kòtò tó jìn? Ṣé drop shot á débẹ̀?

Bàbá_Rílì

Á débẹ̀. Ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ bi ara rẹ ni bóyá òfin gbà ọ́ láyè láti gbé ẹja náà lọ sílé. Mille Lacs máa ń ní òfin tirẹ̀ lórí gígùn àti iye ẹja, DNR, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹja, sì ń yí i padà láti ọdún dé ọdún, nígbà mìíràn láàárín ọdún kan náà. Bí o bá gbọ́dọ̀ dá ẹja padà, má wá a ní ibi tó jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ.

Ìdí ni pé àpò afẹ́fẹ́ inú walleye kò ní ihò tó jáde sí ọ̀nà ọ̀fun, kò dà bíi ti ẹja trout tó ní in. Afẹ́fẹ́ yẹn á máa wú bó ṣe ń gòkè, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ojú á yọ síta, àpò oúnjẹ inú rẹ̀ á máa ti ẹnu yọ, ikùn á le, ẹja náà á léfòó lójú omi lẹ́yìn tí o bá dá a padà. Kíká a bọ̀ díẹ̀díẹ̀ kò tún un ṣe. Ìṣẹ́jú díẹ̀ kò tó fún afẹ́fẹ́ yẹn láti pòórá. Àwọn kan á ní kí a fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹni tí kò mọ ibi tí àpò yẹn wà gan-an á gún ohun mìíràn nínú rẹ̀. Omi tó gbóná lójú ní oṣù keje tún ń dá kún un.

Ọmọlójú_Duluth

Bàbá ti sọ ọ́ tán. N ó fi àkókò kún un. Ọ̀sán ni drop shot wà fún, nígbà tí oòrùn ti lé wọn sí etí òkè òkúta, tí omi sì pa rọ́rọ́, tí wọn kò fẹ́ lé nǹkan kan. Ojú walleye ń ríran dáadáa nínú òkùnkùn, torí náà ní ìrọ̀lẹ́ tàbí nígbà tí ìgbì bá bo ojú omi, wọ́n á gòkè wá sí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 10 lórí òkè náà, wọ́n á sì fọ́n káàkiri. Ẹ kò lè dúró lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn. Slip bobber, ohun tó ń léfòó tí okùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú eṣúṣú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Arólé_Brainerd

Tí mo bá sì takú pé drop shot ni mo fẹ́ lò ní ẹsẹ̀ bàtà 8 yẹn?

Akin_Windsor

Ẹ jù ú láti ibi tó jìnnà, ẹ má gbé ọkọ̀ lọ sórí wọn. Òjé 1/8, torí 3/8 á ró gbàmù tó bá já lu omi, á sì lé wọn sá. Ìrù íńṣì 20, ìwọ̀ nọ́ńbà 4, eṣúṣú kan. Ẹ jẹ́ kó jókòó.